Ta Ni Ó Lé Ọmọ Wa Lọ Sọ́dọ̀ Ọ̀rẹ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì?

 Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, n ó sì sọ ọ́ láìfọ̀tá pè. Bí ọmọbìnrin bá ti ń tẹ fóònù lóru, tí ó ń dá rẹ́rìn-ín, kíá ni a óò ti pariwo pé ayé ti bà á jẹ́, kí wọ́n gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. A tilẹ̀ ń fi ṣe wáàsí. Èmi ní tèmi sọ pé ẹjọ́ fóònù kọ́, ẹjọ́ ilé ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìwé kan ṣe àpẹẹrẹ. Alice Oseman, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìtàn-àròsọ kan fún àwọn ọ̀dọ́, tí ó jáde ní ọdún 2018. I Was Born for This ni àkọlé rẹ̀. Fereshteh Rahimi, ọmọ Mùsùlùmí tí ìran rẹ̀ ṣẹ̀ wá láti Ìránì, wà nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún 18 ni, ó ń lo ìbòrí, Angel ni ó sì ń pe ara rẹ̀. Ó fẹ́ràn ẹgbẹ́ olórin ẹlẹ́ni mẹ́ta kan tí ń jẹ́ The Ark. Ìfẹ́ yìí ni ó so òun àti Juliet pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ó yá, ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti fojú kan Juliet fún ìgbà àkọ́kọ́, kí wọ́n sì jọ lọ wo àwọn olórin náà. Inú ìyá rẹ̀ kò dùn sí i.

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà yóò sọ: àgùntàn tí ó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Òótọ́ ni. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun ó máa bá a, kọ́ wa pé kí oníkálukú yẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ta ni ajá nínú ìtàn yìí? Juliet kò tan Angel jẹ. Ọ̀rẹ́ tòótọ́ ni. Mac, ọmọkùnrin tí Juliet pè mọ́ wọn, ni ó ń díbọ́n pé òun fẹ́ràn The Ark kí ó lè rí Juliet sún mọ́. Ẹni ire wà níbẹ̀, ẹlẹ́tàn náà wà níbẹ̀. Báwo ni ọmọ tí ń fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ pamọ́ fún ìyá rẹ̀ yóò ṣe mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Angel mọ ìtàn ayé àwọn olórin náà, àwọn kò mọ̀ ọ́n. Juliet ní ìṣòro tirẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ olórin ti dí Angel létí. Jimmy, olórí ẹgbẹ́ náà tí gbogbo ayé ń sáré tẹ̀ lé, ìbẹ̀rù ni kò jẹ́ kí ó sinmi. Ẹ̀dá bíi tiyín ni. Ẹni tí kò lè gba ara rẹ̀, ṣé òun ni ẹ ó fi ọkàn yín lé lọ́wọ́?

Èmi kò sọ pé gbogbo ohun tí ó wà nínú ìwé náà bá ẹ̀sìn wa mu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí òbí kà á ṣáájú, kí ó sì bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Bí ẹ bá jù ú síná, ọmọ yóò rí òmíràn kà níbi tí ojú yín kò tó.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Lẹ́yìn ìrun ìṣáà lálẹ́ òní, ẹ pe ọmọ yín jókòó. Ẹ bi í pé, "Kí ni orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ? Kí ni ẹ jọ fẹ́ràn?" Kí ẹ sì gbọ́ ọ títí yóò fi sọ ọ́ tán, láìbú u. Ọmọ tí ó rí ẹni fetí sí i nílé kò ní máa wá etí kiri lóru.

Kí Ọlọ́hun Ọba bá wa tọ́ wọn yè. Àmín.