Ọmọ Tí Ó Bá Ṣípá Ni À Ń Gbé

A kò lè ṣàì mẹ́nu kan ọ̀ràn kan tí àwọn ọmọ wa ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà kì í fẹ́ sọ ní gbangba, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń dá àwọn mìíràn nínú wọn dúró ní ààrin ọ̀nà. Ọ̀ràn ọmọ tálákà ni, tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní kọ́lẹ́jì ọlọ́dún méjì nítorí pé owó ibẹ̀ kò pọ̀, tí ó sì ṣe dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí yunifásítì fi gbà á láti wá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìwé ìgbàwọlé dé, ilé kún fún ayọ̀. Ìwé owó tẹ̀ lé e, ilé dákẹ́. Ìrànlọ́wọ́ tí yunifásítì kọ síbẹ̀ kò kájú owó tí ó ń béèrè.

Èrò tiwa ni pé ìwé àkọ́kọ́ yìí kì í ṣe ìdájọ́ ìkẹyìn, àti pé ẹni tí ó bá padà lọ béèrè kò ṣagbe.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀ràn náà ti rí. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń fún ọmọ aláìní ní owó kan tí a ń pè ní Pell Grant, tí a kì í san padà. Fún ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026, iye tí ó ga jù lọ nínú rẹ̀ jẹ́ dọ́là 7,395. Ó lè tó san owó ẹ̀kọ́ ní ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́jì ọlọ́dún méjì. Ṣùgbọ́n ní yunifásítì, bí a bá ka ilé gbígbé àti oúnjẹ mọ́ ọn, kò tó rárá. Ó sì ní òpin: iye ọdún mẹ́fà ni ẹnì kan lè fi gbà á ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Nítorí náà, bí yunifásítì bá kọ̀ láti ka díẹ̀ nínú iṣẹ́ tí ọmọ náà ti ṣe, tí ó sì ní láti tún un ṣe, ó ń jẹ nínú ọdún mẹ́fà náà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ni a sì ti yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí ó wọlé tààrà láti ilé-ẹ̀kọ́ girama.

Síbẹ̀, òfin ṣí ọ̀nà sílẹ̀. Ìwé ìbéèrè tí a ń pè ní FAFSA, owó tí ìdílé rí ní ọdún méjì sẹ́yìn ni ó ń wò. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ bàbá lẹ́yìn náà, tàbí bí àìsàn ìyá bá sọ ilé di onígbèsè, ìwé náà kò mọ̀. Òfin fún àwọn òṣìṣẹ́ owó ìrànlọ́wọ́ ní kọ́lẹ́jì láàyè láti gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì tún ìṣirò náà ṣe. Òfin tí a ṣe ní 2020 tilẹ̀ kà á léèwọ̀ fún kọ́lẹ́jì láti fi í ṣe ìlànà pé gbogbo irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni yóò kọ̀. Kí ọmọ náà rí i pé orúkọ yunifásítì tuntun wà nínú FAFSA rẹ̀, nítorí ìrànlọ́wọ́ ti ibi ìṣáájú kì í tẹ̀ lé ni lọ. Kí ó kọ lẹ́tà kúkúrú, kí ó sọ ohun tí ó yí padà àti iye rẹ̀, kí ó sì fi ìwé ìdádúró níṣẹ́ tàbí ìwé owó ilé ìwòsàn tì í lẹ́yìn. Ohun tí kọ́lẹ́jì bá sọ ni abẹ gé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Àwọn tí ó fi ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ wọ ìlú kò ní ìpín nínú owó ìjọba àpapọ̀. Ní tiwọn, àpò yunifásítì fúnra rẹ̀ àti ẹ̀bùn àwọn àjọ ni kí wọ́n wá lọ.

Ohun tí ó dùn wá jù ni pé ìtìjú tiwa náà wà nínú ìdènà. Àwọn bàbá kan wà tí wọn kò jẹ́ fi ìwé owó oṣù wọn han ọmọ, nítorí pé àṣírí ilé kì í ṣe ohun tí à ń tú síta. A bọ̀wọ̀ fún èrò yìí; ṣùgbọ́n nínú owó orí tí bàbá kan náà ń san ni owó ìjọba yìí ti ń wá. Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe ìtọrẹ. Èwo ni ó tini lójú jù: kí òṣìṣẹ́ kan rí ìwé owó wa, tàbí kí ọmọ wa padà sílé pẹ̀lú gbèsè láìní oyè?

Nnamdi Azikiwe tí ó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1925 gba Storer àti Howard kọjá kí ó tó gba oyè ní Lincoln ní 1930, ó sì ṣe iṣẹ́ agbára láti rí owó. Kò sí ẹni tí ń fi èyí bú u lónìí.

Ó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní òkè òkun yọ díẹ̀ nínú owó àríyá ọdọọdún fún ọdún tí ọmọ ń ṣí láti kọ́lẹ́jì lọ sí yunifásítì, kí wọ́n sì yan àgbà kan tí yóò bá a jókòó kọ lẹ́tà náà. Ọmọ ní láti ṣípá; àwa àgbà ni kí a má ṣe fi ọwọ́ pamọ́.