Ta Ni Ó Kàwé Tán?

Gbólóhùn kan wà tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu wa tí mo fẹ́ bá wọ ìjàkadì nínú àròkọ yìí. Bí ọmọ kan bá gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì, a ó ní, "Ó ti kàwé tán." Bàbá rẹ̀ yóò se àsè, ìyá rẹ̀ yóò dá aṣọ ẹbí, wọn yóò sì gbé àwòrán ọmọ náà nínú aṣọ ìgboyè kọ́ sára ògiri pálọ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, bí ará ilé bá rí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, wọn yóò bi í pé ìdánwò wo ni ó tún fẹ́ ṣe. A ti sọ ìwé kíkà di gbèsè: ẹni tí ó bá ti san án tán ti bọ́ lọ́wọ́ olówó.

Èmi kò gbà pé inú àṣà wa ni irú èrò bẹ́ẹ̀ ti wá. Ẹ wo àwọn babaláwo. Odù 16 ni olórí, àpapọ̀ gbogbo Odù jẹ́ 256, ẹsẹ tí ó sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kò lóǹkà. Awo tí ó ti fi ọdún gbọọrọ sin ọ̀gá rẹ̀ ṣì ń lọ sí àpéjọ awo láti lọ gbọ́ ohun tí òun kò gbọ́ rí. Ẹ wo àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ọjọ́ tí télọ̀ bá gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá ni ó ń bẹ̀rẹ̀ sí í kojú aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò ní bá a gé. Ẹ wo ilé kéwú ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọmọ tí ó ka Kùránì parí, tí a ṣe wòlímà fún, ni àáfà yóò wá pè láti bẹ̀rẹ̀ ìtumọ̀, gírámà èdè Lárúbáwá àti òfin ẹ̀sìn. Nínú ẹ̀kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ẹnu ọ̀nà ni ayẹyẹ jẹ́. Àwa tí a lọ sí ilé ìwé òyìnbó ni a sọ ẹnu ọ̀nà di ògiri ẹ̀yìnkùlé.

Ní ayé ìsinsìnyí, àìsàn náà ti yọ ẹ̀ka tuntun. Fóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní ọdún 2001. Íntánẹ́ẹ̀tì tẹ̀ lé e wọ inú àpò wa. Nígbà tí ó sì di òpin ọdún 2022, ChatGPT jáde, ẹ̀rọ tí ń kọ odindi àròkọ fún ẹni tí ó bá bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà, kì í ṣe ẹni tí ó gboyè nìkan ni ó ń sọ pé òun ti kàwé tán. Ọmọ ọdún 15 náà ń béèrè pé kí ni òun ń kọ́ ọ fún nígbà tí ó wà nínú fóònù. Ọ̀nà méjì ni àwọn àgbà ń gbà dá a lóhùn, n kò sì fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Ìhà kìn-ín-ní ni ti àwọn tí ń gbé fóònù ṣépè. Wọ́n ní ẹ̀rọ ti jẹ ọpọlọ àwọn ọmọ wa, pé láyé àtijọ́ iyè ènìyàn jí pépé. Ẹjọ́ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2,400 sẹ́yìn, Plato, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìsì, sọ nínú ìwé rẹ̀, Phaedrus, bí òrìṣà kan ṣe gbé ìwé kíkọ tọ ọba Íjíbítì wá, tí ọba sì kọminú. Ó ní yóò sọ àwọn ènìyàn di onígbàgbé, wọn yóò sì máa fi ara hàn bí ọlọ́gbọ́n láìgbọ́n. Ibo ni a ti mọ̀ pé ọba sọ bẹ́ẹ̀? Inú ìwé náà ni.

Síbẹ̀, ọba kò purọ́. Irinṣẹ́ tí a bá ń lò a máa tún orí wa ṣe. Ní ọdún 2000, Eleanor Maguire àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ọpọlọ àwọn awakọ̀ takisí ìlú náà, àwọn tí ó gbọ́dọ̀ kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún òpópónà sórí kí wọ́n tó gba ìwé àṣẹ. Wọ́n rí i pé apá ẹ̀yìn ibi tí à ń pè ní hippocampus, tí ọpọlọ fi ń rántí ọ̀nà, tóbi nínú orí àwọn awakọ̀ wọ̀nyí ju ti àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n fi wé wọn lọ. Ohun tí a bá ń fi orí ṣe ni orí ń dàgbà sí. Ìyálọ́jà Ìdúmọ̀tà tí ń ro owó ọjà lórí láìfọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣirò ti mọ òtítọ́ yìí kí ará Lọ́ńdọ̀nù kankan tó wọn ọpọlọ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí àwọn aṣépè gbàgbé ni pé irinṣẹ́ tuntun lè jí iyè bí ẹni tí ó mú un lọ́wọ́ bá ṣiṣẹ́. Láàárín ọdún 1929 sí 1930, I. B. Thomas tẹ ìtàn ìgbésí ayé Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde lẹ́sẹẹsẹ nínú Akéde Èkó, gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà tí obìnrin kan ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Àwọn òǹkàwé kò kàn gbé ìwé ìròyìn náà sílẹ̀ lẹ́yìn kíkà. Wọ́n ń kọ lẹ́tà tiwọn ránṣẹ́ sí olóòtú. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò pa àríyànjiyàn Èkó. Ńṣe ni ó gbé e kúrò lójúde lọ sí orí ìwé, níbi tí ẹni tí kò sí níbẹ̀ ti lè dá sí i.

Ìhà kejì ni ó burú jù lójú mi: àwọn tí ń bọ ẹ̀rọ bí òrìṣà. Wọ́n ní ìmọ̀ ti wà nínú fóònù, kí ènìyàn sáà mọ ibi tí yóò tẹ̀. N kò ní lọ jìnnà láti dá wọn lóhùn. Ní ọjọ́ 20, oṣù Keje, ọdún 2014, Patrick Sawyer gúnlẹ̀ sí Èkó láti Liberia pẹ̀lú àrùn Ebola lára, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn First Consultants ní Obalende, tí kò jìnnà sí Tinúbú Square. Àrùn náà kò wọ Nàìjíríà rí. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe é. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ní òun kò bá ẹnikẹ́ni tí ó ní Ebola pàdé. Dókítà Stella Ameyo Adadevoh kò fi ìdáhùn yẹn parí ọ̀rọ̀. Ó wo ilẹ̀ tí ọkùnrin náà ti wá, ó wo ara rẹ̀ tí oògùn ibà kò ràn, ó ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò Ebola fún un. Nígbà tí àwọn aṣojú ìjọba Liberia ń fúngun mọ́ ọn pé kí ó jẹ́ kí ọkùnrin náà máa lọ, ó kọ̀. Wọ́n wá àlàyé nípa àrùn náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, wọ́n sì pín in fún àwọn òṣìṣẹ́. Àrùn náà pa Dókítà Adadevoh ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹjọ. Ènìyàn 20 ni Ebola mú ní gbogbo Nàìjíríà, 8 nínú wọn kú. Nígbà tí ó di ọjọ́ 20, oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ lórílẹ̀-èdè wa.

Láàárín àwọn ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, ọ̀rọ̀ mìíràn ń fò láti orí fóònù kan sí èkejì: kí gbogbo ènìyàn dìde lóru, kí wọ́n fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún, Ebola kò ní mú wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn jí ara ilé wọn, wọ́n po iyọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé kan náà sọ nínú oṣù Kẹjọ ọdún yẹn pé ó kéré tán, ènìyàn méjì ni omi iyọ̀ náà ti pa ní Nàìjíríà. Ẹ má sọ fún mi pé iṣẹ́ àwọn aláìmọ̀wé ni. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ ni. Ẹni tí kò mọ̀wé kà kò lè kà á, áńbọ̀sì kí ó fi í ránṣẹ́ sí ogún ènìyàn. Àwọn tí ó "kàwé tán" ni wọ́n gbé e rìn.

Ẹ gbé ìtàn méjèèjì lé ìwọ̀n. Ìlú kan náà ni, ọdún kan náà, íntánẹ́ẹ̀tì kan náà. Níbì kan, wọ́n fi ṣe irinṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹnì kan ti béèrè ìbéèrè. Níbòmíràn, wọ́n fi í dípò ìbéèrè. Ẹ̀rọ lè fún ni ní ìdáhùn ẹgbẹ̀rún, kò lè fi iyèméjì sí ọkàn ẹni tí ó ti pinnu pé òun kò ní kọ́ nǹkan mọ́.

Èyí mú mi rántí ìdílé tí obìnrin yìí ti jáde. Herbert Macaulay ni bàbá ńlá rẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther sì ni bàbá ìyá Macaulay. N kò sọ pé ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé ọgbọ́n kiri; ìgbésí ayé wọn ni mo ń wò. Wọ́n mú Crowther lẹ́rú ní Òṣòógùn ní 1821, ó dòmìnira ní 1822, ó kọ́ ìwé ní Sierra Leone, ó sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay ní 1827. Nígbà tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ó ti tó ohun tí à bá pè ní kíkàwé tán. Síbẹ̀ iṣẹ́ èdè kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ti Yorùbá, ti Ìgbò àti ti Núpé. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún kí odindi Bíbélì Yorùbá tó parí ní 1884. Macaulay ní tirẹ̀ kọ́ iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe lọ́yà. Ṣùgbọ́n ó wádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Èkó débi pé òun ni ó bá Olóyè Amodu Tijani Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, nígbà ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá tí Olóyè náà jàre rẹ̀ ní 1921. Àwọn wọ̀nyí kò gbé ìwé ẹ̀rí kọ́ sára ògiri kí wọ́n sì jókòó síwájú rẹ̀.

Mo ní ìbéèrè fún ẹnikẹ́ni tí ó bá gba Tinúbú Square kọjá: ta ni obìnrin tí ibẹ̀ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀? Fóònù yóò dáhùn kíákíá pé akọni obìnrin ni. Òtítọ́ ni. Ẹfúnróyè Tinúbú gbárùkù ti Abẹ́òkúta nígbà tí ogun Dàhòmì dé ní 1864, wọ́n sì fi í jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá. Ṣùgbọ́n obìnrin kan náà ti ta ènìyàn lẹ́rú kí wọ́n tó lé e kúrò ní Èkó ní 1856. Ó gba ìlú lọ́wọ́ àwọn tí ń kó ènìyàn lẹ́rú. Òun náà sì ta ẹrú. Ọkàn tí ó ń fẹ́ ìdáhùn kan ṣoṣo yóò ju ọ̀kan nù nínú òtítọ́ méjèèjì. Ọkàn tí ń kẹ́kọ̀ọ́ yóò di méjèèjì mú, yóò sì máa ronú lé e lórí títí ọjọ́ alẹ́. Ohun tí mò ń pè ní àròjinlẹ̀ nìyẹn, kò sì sí bọ́tìnnì tí a lè tẹ̀ fún un.

Mo mọ ẹni tí "ó ti kàwé tán" ń ṣe láǹfààní. Ó ń ṣe olùkọ́ tí ó ń ka ìwé àkọsílẹ̀ ogún ọdún sẹ́yìn fún àwọn ọmọ láǹfààní. Ó ń ṣe ọ̀gá iléeṣẹ́ ìjọba tí kò fẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ bi òun léèrè láǹfààní. Ó ń ṣe àwọn tí ń ta ìdáhùn ní ibùdó ìdánwò ìyanu láǹfààní, nítorí bí ìwé ẹ̀rí bá jẹ́ òpin ìmọ̀, kí ni ó burú nínú kí a rà á? Àwọn òbí tí wọ́n san owó náà ń sọ fún ọmọ wọn pé ìrònú jẹ́ ẹrù tí ẹlòmíràn lè bá a gbé. Kí ni wọn yóò wí nígbà tí ọmọ náà bá fi ẹ̀rọ rọ́pò olùtajà ìdáhùn?

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò gba owó. Kí àgbà máa ka ìwé níṣojú àwọn ọmọ, láìsí ìdánwò níwájú. Kí ọmọ kọ́kọ́ fi orí ara rẹ̀ ro ìṣirò, kí ó tó fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò. Kí á dẹ́kun pípe ọmọ tí ń béèrè "báwo ni ẹ ṣe mọ̀?" ní aláfojúdi. Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní 1959, ilé rẹ̀ sì wà ní Tinúbú títí di òní. Ní àgbègbè yẹn, oníṣòwò tí ó gba owó bébà 1,000 náírà yóò nà án sókè síwájú oòrùn, yóò fi ìka pa á, yóò wò ó bóyá ayédèrú ni. Ẹnikẹ́ni kò pe èyí ní ìwà àrífín. Ẹ jẹ́ kí á máa na ọ̀rọ̀ síwájú oòrùn bẹ́ẹ̀, ìbáà ti inú fóònù wá, ìbáà ti ẹnu ọ̀jọ̀gbọ́n, títí kan èyí tí mo kọ síhìn-ín. Bí a bá sì tún gbọ́ pé ẹnì kan ti kàwé tán, kí á bi í pé, "Èwo lò ń kà lọ́wọ́?"