Ọgbà nìkan ò tó: Kí ni màlúù àti àgùntàn yóò máa lá ní Mopa?

Láti oṣù keje ọdún 2024 tí Ààrẹ Bola Tinubu ti dá iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn sílẹ̀, ohùn kan náà ló ń ti ẹnu àwọn aláṣẹ jáde: kí màlúù kúrò lóko olóko, kó wọ inú ọgbà. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ti ṣòfin lórí fífi ẹran jẹko kiri lọ́dún 2016. Lọ́jọ́ 11, oṣù karùn-ún, ọdún 2021, àwọn gómìnà gúúsù fẹnu kò nílùú Asaba pé àwọn ò fẹ́ dída ẹran kiri mọ́, Oǹdó sì fọwọ́ sí òfin tiẹ̀ lóṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà. Ìpínlẹ̀ Kogi bá Èkìtì àti Oǹdó pààlà. Ohun tí wọ́n bá pinnu lọ́hùn-ún kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn sáwọn ará Òkun.

Àgbẹ̀ Mopa tí màlúù ti jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ rí kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ọgbà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí wọn kì í sábà béèrè: bí màlúù bá dúró sójú kan, kí ló máa jẹ, kí ló sì máa lá? Koríko nìkan kọ́ ni ìdáhùn.

Tí wọ́n bá dárúkọ àlùmọ́ọ́nì nílẹ̀ Yàgbà, wúrà àti tántáláìtì ló ń wá síni lọ́kàn. Àlùmọ́ọ́nì mìíràn wà tẹ́nikẹ́ni kì í fi ṣọ́bìrì wà: bàbà, síǹkì, kóbáltì, áyódíìnì àti sẹ̀lẹ́níọ̀mù. Koríko ló ń fà wọ́n látinú ilẹ̀, ẹran sì ń rí wọn nínú koríko. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ẹran nílò. Bàbà tó tó màlúù kò ju nǹkan bíi mílígíráàmù 10 lọ nínú kílò oúnjẹ gbígbẹ kan, bẹ́ẹ̀ mílígíráàmù mílíọ̀nù kan ló wà nínú kílò kan. Ti kóbáltì ò tiẹ̀ tó mílígíráàmù kan.

Kékeré náà kọ́ o. Bí kóbáltì ò bá sí, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ikùn ẹran ò lè ṣe fítámì B12. Oúnjẹ á sú ẹran náà, á sì máa rù láàárín koríko tútù. Àìtó bàbà lè sọ irun dúdú màlúù di pupa rẹ́súrẹ́sú, ọmọ àgùntàn sì lè máa wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn látìgbà tí wọ́n ti bí i. Àìtó áyódíìnì ń fa gẹ̀gẹ̀ fẹ́ran bó ṣe ń fà á féèyàn.

Àwọn Fúlàní darandaran lè má mọ orúkọ kóbáltì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ẹran kì í dúró lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo kó sanra. Omi àti koríko ni wọ́n ń wá kiri lóòótọ́, àmọ́ ìrìn yẹn náà ló ń gbé ẹran láti orí irú ilẹ̀ kan dé òmíràn. Ohun tó dín níbí, ó lè rí i lọ́hùn-ún. Wọ́n tún máa ń fún un ní iyọ̀ àti káún lá. Ọgbà á fòpin sí ìrìn náà. Ta ló máa wá fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀?

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ níbòmíì rí. Ní New Zealand àti Ọsirélíà, àwọn àgbẹ̀ fi wáyà yí ilẹ̀ ká, koríko sì pọ̀ níbẹ̀, síbẹ̀ àgùntàn àti màlúù ń rù títí wọ́n fi ń kú. Ohun táwọn àgbẹ̀ náà ṣàkíyèsí ni pé tí wọ́n bá kó ẹran lọ sórí ilẹ̀ mìíràn fúngbà díẹ̀, ara rẹ̀ á yá. Ọdún 1935 ni àwọn onímọ̀ ní Ọsirélíà tó fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé àìtó kóbáltì ló fà á. Látìgbà náà, wọ́n ń fi kóbáltì kún ohun tí ẹran ń jẹ tàbí kí wọ́n fọ́n ọn sórí ilẹ̀, ẹran sì lè dúró sójú kan.

Ní Mopa, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ìṣòro náà á ti le jù. Koríko tó gbẹ láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta kò fi bẹ́ẹ̀ ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú mọ́. Màlúù tó bá ń jẹ egungun kì í ṣe aláìnítìjú, èròjà yìí ló ń wá. Ewu sì wà nínú ẹ̀, torí egungun òkú ẹran lè ní májèlé tó ń rọ ẹran lápá rọ ọ́ lẹ́sẹ̀. Iyọ̀ ọjà dáa, káún náà dáa níwọ̀nba, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè dípò fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, bàbà àti kóbáltì.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ onímàlúù nìkan. Ọ̀pọ̀ ilé ló ní àgùntàn méjì mẹ́ta tó ń jẹ káàkiri àdúgbò. Ẹ ṣọ́ra o: oògùn màlúù kọ́ ni oògùn àgùntàn. Ẹ̀dọ̀ àgùntàn máa ń tọ́jú bàbà pamọ́ ni. Oúnjẹ tí bàbà rẹ̀ bá ju nǹkan bíi mílígíráàmù 15 lọ nínú kílò kan lè di májèlé fún un tó bá pẹ́. Ara ẹran náà á dà bíi pé ó le fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, àfi lójijì tí ojú rẹ̀ á di àwọ̀ ìyeyè, tí ìtọ̀ rẹ̀ á pupa, tí yóò sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kẹ́ ẹ fún àgùntàn ní oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀, oúnjẹ adìyẹ tàbí iyọ̀ lílá tí wọ́n ṣe fún màlúù. Tí ìyàtọ̀ bá dé bá ara ẹran, ẹ pe dókítà ẹran kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun.

Ìjọba ló ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀. Kí wọ́n tó ri òpó ọgbà àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀ níbikíbi nílẹ̀ Òkun, ó yẹ kí wọ́n ti yẹ ilẹ̀ àti koríko ibẹ̀ wò, kí wọ́n mọ èyí tó dín. Kabba tí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti wà tipẹ́ kò jìnnà sí Mopa, iléeṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn sì wà ní Shika nítòsí Zaria. Owó iyọ̀ lílá gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò, bíi ti wáyà àti kànga.

Bí wọ́n bá fo èyí dá, ẹran á rù nínú ọgbà, ẹni tó ni ín ló sì máa fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn. Ibi tí ẹran náà máa gbà lọ ò ṣòro láti mọ̀: oko ẹ̀gẹ́ náà ni.