Nítorí Kí Ni?



Láti ọdún 2023 ni ìbéèrè kan ti ń tọ̀ mí wá, lẹ́nu àgbà, lẹ́nu ọmọdé: "Baba, àyà ń já mi. Ṣé kí n ṣì máa wọ ìdè mi lọ sọ́jà?" Ẹ ò gbàgbé oṣù keje ọdún náà. Yèyé Ajéṣìkẹ́mi Ọmọlará Ọlátúnjí, olórìṣà Ọ̀ṣun, kéde pé òun fẹ́ ṣe ọdún Ìṣẹ̀ṣe ní Ìlọrin níbí. Àwọn kan lọ bá a nílé, wọ́n ní kò gbọdọ̀ wáyé. Wọlé Ṣóyínká kọ̀wé sí ọba ìlú lórí ọ̀rọ̀ náà, tayé tọ̀run gbọ́. Lóṣù tó tẹ̀lé e, ìjọba Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn àti Èkó fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi nítorí Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. Nínú àwọn tí mo mọ̀ ní Ìlọrin, ilẹ̀kùn ni wọ́n tì mọ́rí. Bẹ́ẹ̀ irin tí wọ́n ń lọ̀ ni wọ́n fi sọ ìlú yìí lórúkọ, Ògún ló sì ni irin!

N kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má bẹ̀rù. Ẹ̀rù níṣẹ́ tiẹ̀. Òun ló ń jẹ́ ká wo ọ̀tún wo òsì ká tó sọdá títì. Ẹni tí wọ́n bá ti halẹ̀ mọ́, kó gbọ́n. N ò rán ẹnikẹ́ni níjà, n ò sì fẹ́ kí ọmọ Ifá bú ẹ̀sìn ẹlòmíì, torí Mùsùlùmí ń bẹ nínú agbolé wa, ẹ̀jẹ̀ wa ni wọ́n. Ohun tí n ò fẹ́ ni ká máa dúró de ọjọ́ tí àyà ò ní já mọ́ ká tó ṣe nǹkan. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, ọmọ á ti dàgbà láìmọ Èjì Ogbè yàtọ̀ sí Ọ̀yẹ̀kú Méjì.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí n kí Ifá níwájú àwọn àgbà awo, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n, itọ́ gbẹ lẹ́nu mi. Odù 256 ni Ifá ní. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò rántí ẹyọ kan. Ojúgbọ̀nà mi ò ní kí n fọkàn balẹ̀. Ó kàn bi mí pé, "Nítorí ta lo ṣe ń kọ́ ọ?" Mo ní nítorí ìyá mi àgbà ni, tí kò fẹ́ kí ikin bàbá òun di ohun tí wọ́n ń gbé pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Ó dáa, ìyá ẹ ni kó o kí i fún." Mo kí i. Ohùn mi ń gbọ̀n títí mo fi parí, ṣùgbọ́n mo parí ẹ̀. Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún báyìí, àyà mi ṣì ń já kí n tó dá Ifá fún aláìsàn.

Ìbéèrè yẹn lèmi náà ń bi yín. Òfin wà o: ìwé òfin 1999, abala 38, fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti sin ohun tá a bá gbà gbọ́, ní kọ̀rọ̀ àti ní gbangba. UNESCO náà ti kéde iyì Ifá fún gbogbo ayé lọ́dún 2005. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n UNESCO ò ní wá bá ẹ ṣí fèrèsé.

Mo sọ fèrèsé nítorí aránṣọ kan tó wá bá mi. Mo ní, "Nítorí kí ni?" Ó dákẹ́ títí. Ó ní ọmọbìnrin òun ló bi òun pé, "Màmá, kí la ṣe tá a fi máa ń ti fèrèsé tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí Ọ̀ṣun?" Kò tíì wọ ìdè rẹ̀ lọ sọ́jà di bí mo ṣe ń kọ èyí, n ò sì dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ó ti ń ṣí fèrèsé. Ó ní ọwọ́ òun máa ń gbọ̀n lára ìkọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ẹnu ara rẹ̀ wúre níwájú Ifá. Bí ohùn rẹ̀ bá gbọ̀n, kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín.