Ẹ̀ẹ̀rùn Òyìnbó, Òjò Tiwa

Èmi kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí mo ní sọ yìí di ìjà láàárín wa. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ìjà, n kò ní sá.

Ní oṣù Òkúdu tí ó kọjá, a ń bọ Ifá ní ilé awo kan ní Gbágùrá, níhìn-ín ní Abẹ́òkúta. A fọ ikin, a tò ó, a wá rí i pé àwọn tí yóò sun ìyẹ̀rẹ̀ kò pé. Mẹ́ta nínú àwọn ọ̀dọ́ awo tí ohùn wọn dùn jù lọ kò sí nílé. Ọ̀kan wà ní Paris, ọ̀kan ní Rome, ọ̀kan ní Barcelona. A mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé fọ́tò wọn ń wọlé sórí fóònù wa bí a ti ń bọ Ifá lọ́wọ́. Baba Olúwo, tí ọjọ́ orí wọn ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kọjú sí mi, wọ́n ní, "Ọ̀mọ̀wé, kí ni wọ́n ń pè ní sọ́mà yìí gan-an?" Mo ní, "Baba, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ Òyìnbó ni." Baba wo òde, níbi tí òjò ti ń rọ̀ kíkan kíkan láti òwúrọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀ẹ̀rùn kẹ̀?"

Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun. Ojú tì mí lọ́jọ́ náà. "Ẹ̀ẹ̀rùn" ni ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú àwa atúmọ̀ máa ń mú lò fún sọ́mà, a kì í sì í ronú sí i. Ẹ̀ẹ̀rùn tiwa ni ìgbà ọyẹ́ àti iná ìgbẹ́, ìgbà tí odò ń fà. Oṣù mẹ́ta tí oòrùn ń ràn ní Yúróòpù ni Òkúdu, Agẹmọ àti Ògún, oṣù òjò ni gbogbo wọn lọ́dọ̀ wa. Ìtúmọ̀ burúkú yìí ti bo nǹkan kan mọ́lẹ̀: pé ìgbà tí Òyìnbó ń sinmi ni ìgbà tí iṣẹ́ òrìṣà pọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ wa. Òkúdu ni ọdún Ifá ní Òkè Ìtasẹ̀, Ilé-Ifẹ̀. Agẹmọ ni àwọn ará Ìjẹ̀bú, aládùúgbò wa, ń ṣe nínú oṣù tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Iṣu tuntun ń jáde. Nínú oṣù Ògún ni a ń ṣe ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo. Ogúnjọ́ oṣù yẹn náà ni Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, tí a fi ọ̀pọ̀ ọdún bẹ̀bẹ̀ kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kan, títí kan Ògùn, tó gbà láti fi ṣe ọjọ́ ìsinmi. A bẹ̀ ẹ́, a gbà á, a wá ń lọ lò ó ní Barcelona.

Kì í ṣe àwọn ọmọ wa tí ń gbé London tàbí Dublin ni mò ń bá wí. Ibẹ̀ ni ilé àti iṣẹ́ wọn wà, púpọ̀ nínú wọn sì ń tọ́jú owó ọdún kan gbáko kí wọ́n lè wá jókòó lórí ẹní ní Òkè Ìtasẹ̀. Àwọn ọmọ Brazil àti ọmọ Cuba náà ń sọ̀kalẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà ní Òkúdu, wọ́n ń wá Ifá. Ní ẹnu ọ̀nà kan náà ni awo Abẹ́òkúta ń fa àpótí rẹ̀ jáde. Ẹni tí ó ti òkèèrè wá yóò bèèrè ẹni tí yóò kọ́ òun ní ìyẹ̀rẹ̀. Kí ni kí a wí fún un?

Wọn yóò ní, "Ìrìn-àjò ń la ojú ẹni." Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a bèèrè ohun tí ojú náà rí.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìpàdé àwọn onímọ̀ èdè gbé mi dé Jámánì. Nígbà tí a parí, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ulm, ìlú tí kò tóbi, létí odò Danube. Àwọn àlejò tí mo bá níbẹ̀ ń lọ gun ilé-ìṣọ́ ìjọ ńlá kan tí gíga rẹ̀ ju mítà 160 lọ, tàbí kí wọ́n máa wá ibi tí wọ́n ti bí Albert Einstein ní 1879. Ohun tí ó gbé èmi lọ ni ọpọ́n Ifá. Ní ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé Ulm ni ọpọ́n Ifá tí ó lọ́jọ́ lórí jù lọ nínú gbogbo èyí tí a mọ̀ láyé wà. Allada, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, ni ó ti wá. Ó bọ́ sọ́wọ́ oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Christoph Weickmann, orúkọ rẹ̀ sì ti wà nínú ìwé tí wọ́n fi ka ẹrù Weickmann ní 1659. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ó ku ọdún 171 kí àwọn baba wa tó dé abẹ́ Olúmọ ní 1830. Ẹni tí ó kọ ìwé náà kò mọ Ifá. Pátákó ìrúbọ ni ó pè é.

Mo dúró níwájú rẹ̀, mo kí i bí a ti ń kí Ifá. Ojú Èṣù ń wò mí láti etí ọpọ́n. Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá náà. Òótọ́ ni pé omi bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n ìbínú ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kì í sì í ṣe sí àwọn ará Ulm nìkan. Nígbà tí mo délé, mo bi awo márùn-ún tí wọ́n ti dé Jámánì rí léèrè ọpọ́n yìí. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ orúkọ Ulm rí nínú wọn. Fọ́tò ẹnu ibodè Berlin ni wọ́n fi hàn mí.

Ẹ jẹ́ kí n mú un súnmọ́ ilé sí i. Gbogbo ọmọ Ẹ̀gbá ni ó mọ Henry Townsend, òjíṣẹ́ ìjọ tí ó dé Abẹ́òkúta ní 1843, tí ó sì dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní 1859. Exeter, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Ẹ́ńgílándì, ni ìlú rẹ̀. Àwọn ohun ilẹ̀ Ẹ̀gbá tí ó kó lọ wà ní ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú náà títí di òní. Wákàtí méjì àti díẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin fi ń ti London débẹ̀. Àwọn tí wọ́n lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní London kò rí ààyè ọjọ́ kan fún ẹrù ilé baba wọn.

Ẹ̀gbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sí Yúróòpù. Aláké Gbádébọ̀ Kìíní lọ sí London ní 1904, Ọba Edward Keje sì gbà wọ́n ní àlejò ọba sí ọba. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ní 1914, àwọn sójà ìjọba amúnisìn yìnbọn pa àwọn ènìyàn ní Ìjẹmọ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì fagi lé òmìnira Ẹ̀gbá. N kò fi èyí bú Kábíyèsí; ọ̀ràn ìlú ni ó gbé wọn lọ. Àwọn tí wọ́n rò pé àlejò dáadáa ní ìlú ńlá Òyìnbó ń sọ ènìyàn di ẹgbẹ́ Òyìnbó ni mò ń rán létí.

Ìyá wa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì náà lọ sí London ní 1947 pẹ̀lú àwọn aṣojú ẹgbẹ́ NCNC. Ọmọ ìjọ ni wọ́n, wọn kì í ṣe ẹni wa nínú ìṣẹ̀ṣe, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí awo kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ìròyìn Daily Worker nípa ìyà tí ìjọba amúnisìn fi ń jẹ obìnrin ilẹ̀ wa, wọ́n padà wálé, wọ́n sì ń bá ìjà owó orí àwọn obìnrin lọ títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbá lọ, wọ́n sì padà sídìí rẹ̀. Kí ni àwa ń gbé lọ?

"Owó mi ni mo ná." Bẹ́ẹ̀ ni. Yúrò 90 ni owó físà Schengen láti 2024. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, wọn kì í dá a padà. Mo mọ ẹni tí wọ́n kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí ó tún san ẹ̀kẹta. Òrùlé ilé awo tí mo sọ nípa rẹ̀ lókè ń jò. Nígbà tí a dá owó páànù, ẹni yìí ní ọwọ́ òun kò tíì tó o.

Nítorí náà, ẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ má lọ ní Òkúdu. Paris kò ní sá kúrò níbẹ̀ kí Ọ̀wàrà tó dé. Bí ẹ bá sì débẹ̀, ẹ wá ilé tí wọ́n kó tiwa sí, kí ẹ mú orúkọ ohun wa lọ pẹ̀lú àmì ohùn. Àkọlé tí ó kọ "osun" láìní àmì kò sọ nǹkan kan: ṣé òsùn babaláwo ni, àbí Ọ̀ṣun yèyé wa, àbí osùn tí a fi ń kun ara? Ta ni yóò tún un ṣe bí a bá ń kọjá níwájú rẹ̀ bí àlejò?

Èyí tí ó lọ sí Rome nínú àwọn mẹ́ta náà ti wá bá mi. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Baba Olúwo, ó san owó páànù tirẹ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ sí Exeter ní Ọ̀wàrà, ó sì bèèrè bóyá wọn yóò jẹ́ kí òun rí àwọn ohun tí wọn kò gbé sórí àtẹ. Mo ní kí ó kọ lẹ́tà béèrè lọ́wọ́ wọn, kí ó kọ ọ́ ní Yorùbá. Èmi ni yóò ṣe ìtumọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Méjèèjì ni a ó jọ fi ránṣẹ́.