Ẹ Má Jẹ́ Ká Gbé Orúkọ Ẹgbẹ́ Bọ́ọ̀lù Àwọn Ọmọ Wa Fún Olówó

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Minna àti agbègbè rẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́ ló gbé wa dé ojú ewé yìí. Olówó kan tó ń wá ipò òṣèlú ti ránṣẹ́ sí wa pé òun fẹ́ gba ẹgbẹ́ náà. Ó ní òun máa ra aṣọ, òun máa ra bàtà, òun máa san owó oṣù fún kóòṣì, òun sì tún máa ṣe kọ́ọ̀tù básíkẹ́tíbọ́ọ̀lù fún àwọn tó ga lára wọn. Ohun tó béèrè kò ju pé kí ẹgbẹ́ náà máa jẹ́ orúkọ òun, kí ìwé rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ òun. Inú àwọn ọ̀dọ́ ti dùn, wọ́n ti ń ka ọjọ́. Àwa ní kí wọ́n ṣì dúró ná.

A ò kórìíra owó o. Ta ni kò mọ̀ pé ebi kì í jẹ́ kí ọmọ sáré? Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé ní àádọ́ta ọdún bíi tiwa, ẹ ò ní í gbàgbé Leventis United ti Ìbàdàn. Ilé-iṣẹ́ Leventis, tí ọkùnrin ará Cyprus kan dá sílẹ̀, ló ni ẹgbẹ́ náà, owó sì wà níbẹ̀ gidi. Lọ́dún 1984, wọ́n gba líìgì, wọ́n gba Challenge Cup mọ́ ọn. Lọ́dún 1986, wọ́n tún kó méjèèjì. Láàárín méjì yẹn, ní 1985, wọ́n dé àṣekágbá ìdíje àwọn tó gba ife nílẹ̀ Áfíríkà, Al Ahly ti Íjíbítì ló ṣẹ́gun wọn. Nígbà tó di 1987, ilé-iṣẹ́ ní òun ò ṣe mọ́. Ó parí nìyẹn. Gbogbo ariwo tí àwọn èèyàn ti pa fún wọn, kò sí ẹnì kan nínú wọn tó ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé rárá, nítorí Ìbàdàn kọ́ ló ni Leventis United.

Abiola Babes ti Abẹ́òkúta ńkọ́? Owó Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n sì gba Challenge Cup ní 1985 àti 1987. Ibẹ̀ ni Rashidi Yekini wà kó tó lọ sí Africa Sports ní Abidjan. Ẹ rántí pé Kaduna ni wọ́n bí Yekini sí, ọmọ Yorùbá tó kọ́ bọ́ọ̀lù lókè ọya bíi tàwọn ọmọ wa yìí. Lọ́jọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1994, òun ló gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà máa jẹ nínú ìdíje Ife Àgbáyé. Ọjọ́ kejì lẹ́yìn ọ̀la rẹ̀, ọjọ́ 23, ni ìjọba Abacha mú Abíọ́lá tó ti ná owó lé e lórí, torí pé ó ní òun ló wọlé ìbò 1993. Wọ́n ti ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn rẹ̀ pa, òun fúnra rẹ̀ ò sì jáde láàyè, ó kú ní oṣù keje 1998. Ẹgbẹ́ tó bá rọ̀ mọ́ irú àpò bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n mú olówó rẹ̀, ta ni yóò san owó oṣù? (Ìlú tí à ń gbé yìí náà ni ilé Ọ̀gágun Babangida tó fagi lé ìbò yẹn, ọdún 2025 ló wá kọ ọ́ sínú ìwé pé Abíọ́lá ló wọlé. A ò ní í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yin náà mọ̀dí ẹ̀.)

Àwọn ọmọ tó ń lọ wo Niger Potters á ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ là ń sọ. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká dé Amẹ́ríkà. Mikhail Prokhorov, ará Rọ́ṣíà tó di olówó nínú iṣẹ́ kùsà, ra ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ́ Nets ní 2010, ó sì ní òun fẹ́ kí wọ́n gba ife láàárín ọdún márùn-ún. Ní 2012, ó jáde du ipò ààrẹ Rọ́ṣíà pẹ̀lú Putin, ó gbé ipò kẹta. Ní 2013, wọ́n lọ kó àwọn àgbà bíi Kevin Garnett àti Paul Pierce wá, wọ́n sì fi ẹ̀tọ́ tí wọ́n ní láti mú àwọn ọ̀dọ́ lọ́jọ́ iwájú dí i. Ife ò wá. Ní 2016, àwọn agbófinró ìjọba Rọ́ṣíà ya wọ ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Moscow. Nígbà tó fi máa di 2019, ó ti ta gbogbo ẹ̀ fún Joe Tsai ti Alibaba. Tsai náà ò tíì jókòó dáadáa tí ọ̀gá kan nínú ẹgbẹ́ Houston fi kọ̀wé ti àwọn tó ń wọ́de ní Hong Kong lẹ́yìn, ni Ṣáínà bá fara ya, olówó Nets sì gbé ti Ṣáínà nígbà tí eré tí àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ máa gbá ní Ṣáínà ti sún mọ́lé. Olówó ń yí padà, òṣèlú ń bá wọn bọ̀.

Nets ò kú ṣá, torí líìgì NBA ní òfin tirẹ̀: ẹnikẹ́ni ò lè ta ẹgbẹ́ láìjẹ́ pé àwọn tó ni àwọn ẹgbẹ́ yòókù dìbò sí i.

Ti Chelsea ló tilẹ̀ yẹ kí àwọn ọmọ wa kọ́kọ́ mọ̀, aṣọ búlúù kò wọ́n nígboro Minna. Lọ́jọ́ 10 oṣù kẹta 2022, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá Roman Abramovich nítorí ogun Ukraine, Chelsea ò lè ta tíkẹ́ẹ̀tì tuntun, kò lè ra agbábọ́ọ̀lù. Kí oṣù karùn-ún tó parí, wọ́n ti tà á. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Stamford Bridge kì í ṣe ti Abramovich láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti 1997, ọwọ́ àwọn alátìlẹyìn tí wọ́n dá owó jọ ló wà, ẹni tó bá sì kó ẹgbẹ́ náà kúrò níbẹ̀ láìgbàṣẹ wọn, orúkọ Chelsea ò ní í bá a lọ. Ní 2011, wọ́n fẹ́ rà á padà lọ́wọ́ wọn, wọ́n dìbò, ìbò tí wọ́n nílò ò pé. Olówó rẹpẹtẹ, ó gbọ́ rárá lẹ́nu àwọn tó ń san owó ìwọlé!

Ohun tí a fẹ́ nìyẹn. Ó sì kan àwa ju onílé lọ. Ọmọ tó bá fi orúkọ olóṣèlú sáyà, bí ẹni náà bá fìdí rẹmi, ta ni àwọn tó wọlé máa kọ́kọ́ wò lójú burúkú? Onílé lè jà lónìí kí wọ́n parí ẹ̀ lọ́la. Àwa tí wọ́n ṣì ń bi léèrè ibi tí bàbá wa ti wá, tí àwọn ọmọ wa tí a bí sí Bosso àti Tunga ṣì ń wá ìwé ọmọ ìbílẹ̀ kiri, ìjà òṣèlú kì í tètè tán lára wa.

Bí olówó náà bá fẹ́ ran àwọn ọmọ lọ́wọ́, a gbà. Kó ra aṣọ, kó kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ fún ọdún kan tàbí méjì bó bá wù ú. Orúkọ ẹgbẹ́ ò ní í yí padà, ìwé rẹ̀ á wà nínú àpótí ẹgbẹ́ wa, owó oṣù kóòṣì fún odindi ọdún á ti wà ní báńkì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, a ò sì ní í kó ọmọ kankan lọ síbi ìpolongo ìbò. Bó bá ní òun ò ṣe bẹ́ẹ̀, a máa dá owó náà fúnra wa. Ẹ jọ̀ọ́, kí lówó bọ́ọ̀lù mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ ẹbí tí a ń rà fún ìnáwó ọjọ́ kan?

A máa gbé e kalẹ̀ nípàdé oṣù tó ń bọ̀. Kí àwọn ọmọ náà wá, kí àwọn ìyá wọn náà wá, torí àwọn ló ń fọ aṣọ náà.