Ìsinmi Òjijì: Ẹ Fi Í Sílẹ̀ fún Ilé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ tí ó bá dilẹ̀ ni èṣù ń bẹ níṣẹ́. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ òbí fi ń lé ọmọ jáde nílé nígbàkígbà tí ìsinmi bá já lù wọ́n láìròtẹ́lẹ̀. Bí ilé ìwé bá ti ìlẹ̀kùn lónìí, kí ọ̀sán tó pọ́n, wọn yóò ti wá olùkọ́ lẹ́sìn tí yóò gba ọjọ́ náà lọ́wọ́ ọmọ. N kò bá òwe jà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi ẹ̀yin òǹkàwé wa léèrè: ọwọ́ tí ó ń ta ayò, ǹjẹ́ ọwọ́ tí ó dilẹ̀ ni? Ẹnu tí ó ń pa àlọ́ ńkọ́? Èrò tèmi ni pé ọjọ́ ìsinmi tí ẹnikẹ́ni kò ròtẹ́lẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ tí ó ṣòfò. Ti ilé ni, kí a sì fi í sílẹ̀ fún ilé.

Ní ìlú àwọn Òyìnbó, òjò dídì ni ó sábà máa ń mú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ wá. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kejì, ọdún 2009, òjò dídì bo ìlú London tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo bọ́ọ̀sì fi kúrò lójú pópó, tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé kò sì lè ṣí. Ọjọ́ Ajé ni, ọjọ́ iṣẹ́ pátápátá. Tọmọdé tàgbà, títí kan àwọn Yorùbá tí ó ń gbé ní Peckham àti agbègbè rẹ̀, ni bọ́ọ̀sì kò rí gbé lọ́jọ́ náà. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, òjò kì í dì. Ṣùgbọ́n àwa náà ní ohun tí ó ń dá wa dúró sílé. Òjò àrọ̀ọ̀dá ń bẹ. Ìkànìyàn ń bẹ: nígbà tí a ka àwọn ènìyàn orílẹ̀-èdè yìí ní oṣù Kẹta ọdún 2006, ìjọba ní kí oníkálukú jókòó sílé. Ọjọ́ ìdìbò ń bẹ, tí ọkọ̀ kì í rìn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ Yunifásítì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14, oṣù Kejì, ọdún 2022, tí kò sì parí títí di ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, kì í ṣe ìsinmi. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ka igi àjà. Òjò tí ó mú kí odò Ògùnpa kún àkúnya ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 1980 kì í ṣe ìsinmi bákan náà. Ẹ̀mí ni ó gbà, ilé ni ó wó. Èyí tí mò ń sọ ni ìsinmi tí ó dé lówùúrọ̀, tí ọ̀la yóò sì mú lọ. Kíkúrú rẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tí ó ṣojú mi ṣe àpẹẹrẹ. Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 16, oṣù Kejì, ọdún 2019 ni a fi ìdìbò Ààrẹ sí. Nítorí èyí, àwọn ènìyàn kò fi ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú sí ọjọ́ náà. Àfi bí ó ṣe di òru, tí aago mẹ́ta kò tíì lù, tí àjọ elétò ìdìbò kéde pé àwọn ti sún ìbò sí ọjọ́ 23. Wákàtí bíi márùn-ún péré ni ó kù kí ìdìbò bẹ̀rẹ̀. Inú bí àwọn tí ó ti rin ìrìn àjò wá dìbò, ó sì tọ́ kí inú bí wọn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ti ṣófo bí agbè tí a da omi inú rẹ̀ nù.

Awakọ̀ ni bàbá mi. Sátidé ni ọjọ́ òde, ọjọ́ òde ni owó sì ń wọlé jù fún awakọ̀, nítorí náà a kì í rí wọn nílé ní Sátidé. Lọ́jọ́ yìí, wọ́n dé gáréèjì, wọn kò bá èrò, wọ́n padà wálé. Wọ́n gbé ọpọ́n ayò tí ó ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti ọjọ́ pípẹ́ jáde, wọ́n nu eruku ara rẹ̀, wọ́n pe èmi àti àbúrò mi. Ilé méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Wọ́n kọ́ wa bí a ti ń pín ọmọ ayò ká ọpọ́n, bí a ti ń jẹ nígbà tí ọmọ tí ó kẹ́yìn bá sọ ti ilé ọ̀tá di méjì tàbí mẹ́ta, àti bí a ti ń kó odù jọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n jẹ mí, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè mí ní ọ̀pẹ. Nígbà tí màmá mi gbọ́ ariwo náà, wọ́n fi ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bẹ iṣu sílẹ̀, wọ́n jókòó sí ipò mi, wọ́n sì jẹ bàbá mi lẹ́ẹ̀mejì léraléra. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, n kò sì mọ̀ rí pé màmá mi mọ ayò í ta! Ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ni wọ́n ti kọ́ ọ. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ìyá àgbà pa àlọ́ fún wa. Wọn kò jẹ́ pa á lọ́sàn-án, nítorí pé èèwọ̀ ni.

Kí ni mo fà yọ nínú èyí? Nínú kíláàsì, a ń kọ́ nípa àlọ́ àpamọ̀ àti àlọ́ àpagbè, a sì lè sọ ìyàtọ̀ wọn nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ti jókòó ti apàlọ́ rí, tí ó gbe orin àlọ́ náà? Kì í ṣe pé àwọn òbí wa kò mọ̀ ọ́n. Àyè ni wọn kò rí. Ẹni tí ó jáde ní ìdájí, tí ó wọlé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ìgbà wo ni yóò pa àlọ́? Ọjọ́ ọdún pàápàá kò gba irú rẹ̀, nítorí pé Iléyá àti Kérésì ti ní iṣẹ́ tiwọn: aṣọ ń bẹ láti rán, àlejò ń bẹ láti ṣe. Ọjọ́ òjijì nìkan ni ẹnikẹ́ni kò tíì yá lò.

Àwọn kan yóò wí pé àwọn ọlọ́rọ̀ ni ó lè sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, pé ẹni tí ó ń fi owó òní jẹun òní kò lè gbádùn ìsinmi. Òótọ́ ni, bàbá mi kò pa kọ́bọ̀ lọ́jọ́ náà. N kò bẹ̀bẹ̀ pé kí ìsinmi pọ̀ sí i. Ohun tí mò ń wí ni pé nígbà tí owó ọjọ́ náà bá ti lọ, kí a má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ náà tún bá a lọ. Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwa ọkùnrin kì í fẹ́ gbọ́: bí gbogbo ilé bá ń sinmi tí ìyá nìkan wà nídìí ààrò, ìsinmi ìdajì ni. Ẹni tí màmá mi gba ipò rẹ̀ nídìí ayò ni ó lọ parí iṣu náà.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ eré lọ. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi fi hàn ní Ifẹ̀ pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kì í rẹ̀yìn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ti wọ́gi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò. Ó yẹ kí a máa jà fún èdè wa níwájú ìjọba. Ṣùgbọ́n kí ìjà náà tó parí, ilé ni ó kù tí ọmọ ti lè gbọ́ Yorùbá tó dánmọ́rán, ilé tí ènìyàn wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí òjò tàbí ìjọba bá tún há wa mọ́lé, ẹ jẹ́ kí fóònù sinmi díẹ̀. Ẹ gbé ọpọ́n ayò. Bí kò bá sí, ẹ gbẹ́ ihò méjìlá sílẹ̀, kí ẹ ṣa òkúta wẹ́wẹ́ 48. Ẹ bi ìyá àti bàbá yín léèrè eré tí wọ́n ṣe ní kékeré. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ bẹ àgbà ilé kí wọ́n pa àlọ́ kan, kí ẹ sì gbe orin rẹ̀ dáadáa. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ránṣẹ́ kí ó tó dé. Bí ó bá dé, kí ó bá wa nílé.